Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Mi Rán Òru ní Fínlándì

Aránṣọ ni mí. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n ti bí mi, nítòsí ọjà Ouando ni mo sì ti ń ránṣọ láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti dá mi sílẹ̀. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni mo kó lọ sí ìlú ìyàwó mi, Rovaniemi, tí í ṣe olú-ìlú ẹkùn Lapland ní àríwá Fínlándì. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń bi mí bí mo ṣe rí òtútù sí. Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bá mi jà, oòrùn ni.

Grand-Popo, ìlú kan ní etí òkun Benin, ni èmi àti ìyàwó mi ti pàdé, nígbà tí ó wá lo oṣù díẹ̀ ní Villa Karo, ilé àṣà tí àwọn ará Fínlándì dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2000. Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn láti sọ, bí ó tilẹ̀ gùn láti ṣe. Ọ́fíìsì kan dá ìwé ìbí mi padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé lẹ́tà kan nínú orúkọ bàbá mi yàtọ̀ sí ti inú pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí, kí ó tètè to ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Láti Kútọnú mo gba Paris dé Helsinki, níbi tí ìyàwó mi ti wá pàdé mi, a sì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin alẹ́ tó ń lo nǹkan bí wákàtí 12 kó tó dé Rovaniemi. Èrò mi ni pé n ó máa wo igbó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí n wá sùn. Aago mẹ́wàá lù, aago mọ́kànlá lù, igi ṣì ń sáré kọjá lójú fèrèsé bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ni. Nígbà tí mo béèrè ìgbà tí òru yóò dé, ìyàwó mi ní òun náà ni mo ń wò yẹn.

Ohun tó fà á ni pé ayé kò dúró ṣánṣán bó ṣe ń yí oòrùn ká. Ó fi nǹkan bí dígírì 23 àti ààbọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí náà, ní oṣù kẹfà, orí rẹ̀ níhà àríwá máa ń kọjú sí oòrùn tọ̀sán-tòru. Àjàṣẹ́ wà ní nǹkan bí dígírì 6 àti ààbọ̀ sí òkè ìlà agbedeméjì ayé, Rovaniemi sì wà ní nǹkan bí 66 àti ààbọ̀. Nílé, ọjọ́ tó gùn jù nínú ọdún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Ní Rovaniemi, láti nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà títí di nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀ rárá: yóò sọ̀ kalẹ̀ dé orí igbó, yóò fi ẹ̀gbẹ́ rìn díẹ̀ bí alákàn, yóò sì tún gòkè.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, inú mi dùn. Aago kan òru ni mo ń fọṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí mi wúwo, ojú mi sì ń ta mí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ máa ń sun èròjà kan tó ń jẹ́ melatonin, èyí tó ń sọ fún ara pé àkókò oorun ti tó. Ilẹ̀ kò sì ṣú fún mi. Ìkíni ló wá jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ kan, mo pe ìyá mi lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, tí í ṣe mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ nílé, mo sì ní, “Ẹ káàsán, Ìyá.” Wọ́n wo oòrùn tó tàn sí ògiri lẹ́yìn mi, wọ́n ní, “Ilẹ̀ ti ṣú o, ọkọ mi. Àbí wọn kì í ṣú ilẹ̀ níbẹ̀ ni?” Wọ́n tún béèrè iṣẹ́ tí Zangbeto, òrò àwọn Ògù tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ìbá máa ṣe ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí òru tí yóò fi jáde ṣọ́.

Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàrin gíláàsì fèrèsé ti tó ìyàwó mi, nítorí inú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n bí i sí. Ní tèmi, ìlà funfun kan máa ń gba ẹ̀gbẹ́ irin náà wọlé, á sì bọ́ sí mi lójú gẹ́lẹ́ ní aago mẹ́ta. A lọ wo àwọn rìdó dúdú, ìyẹn aṣọ fèrèsé, tí wọ́n ń tà fún ìgbà ooru. Mo yí ìṣẹ́tí ọ̀kan padà, mo wo bí wọ́n ṣe rán an, mo sì pinnu pé n kò ní fowó ra iṣẹ́ tí ọmọ-iṣẹ́ mi ní Ouando kò jẹ́ ṣe níwájú mi. Mo yá ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ìyàwó mi.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rán kò dára. Mo wọn fèrèsé, mo gé aṣọ ṣe géérégé bí ẹni ń gé ṣòkòtò fún oníbàárà, mo sì fi í kọ́. Aṣọ náà dúdú bí kóró iṣin, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kì í ṣe inú rẹ̀. Mo tú u. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti òkè, mo sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ wọ́ kọjá igi fèrèsé. Mo rán aṣọ náà ní ìlọ́po méjì, mo kọ funfun sí ìta kí ó má baà gba ooru, mo kọ dúdú sínú. Mo wá rán okùn pẹlẹbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, tó sì máa ń dún fàràrà tí a bá fà á ya, mọ́ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì lẹ èkejì okùn náà mọ́ igi fèrèsé. Síbẹ̀, ojú ihò abẹ́rẹ́ ń tàn wínníwínní bí ìràwọ̀. Mo tún fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ìrán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo na ọwọ́ síwájú ojú mi, n kò rí i. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo jí. Àwọn àgbà ní òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Èyí tí mo rán yìí mọ̀ mí, nítorí abẹ́ ọwọ́ mi ló ti jáde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìrun. Ìdílé wa kò jìnnà sí mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ ní àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brasil, etí mi kò sì ṣaláìgbọ́ ìpè ìrun rí láti kékeré. Wíwọ̀ oòrùn ni Mọ̀gàríbì dúró lé, òkùnkùn ni Ìṣái dúró lé, yíyọ ojúmọ́ ni Àsùbáà dúró lé. Mẹ́ta nínú márùn-ún kò ní ibi tí wọ́n ó fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo pe áfáà wa nílé. Wọ́n kò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n rán mi létí hádíìsì tí àwọn sàábé ti bi Òjíṣẹ́ léèrè nípa ọjọ́ kan tí yóò gùn tó ọdún, bóyá ìrun ọjọ́ kan yóò tó fún un, tí ó sì ní kí wọ́n fojú díwọ̀n àkókò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ kan ń tẹ̀lé àkókò Mẹ́kà, àwọn mìíràn ń tẹ̀lé ìlú tó súnmọ́ jù tí òru ṣì ti dá yàtọ̀. Kí n mú ọ̀kan, kí n má sì máa fò káàkiri. Mo mú Mẹ́kà, nítorí pé aago kan náà ni Fínlándì àti Mẹ́kà ń lò nígbà ooru. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà láti kí Mọ̀gàríbì ní aago méje kọjá díẹ̀, nígbà tí oòrùn ṣì ga lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ní Iléyá, tó bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà lọ́dún náà.

Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ ni Juhannus, àjọ̀dún àárín ìgbà ooru, tí gbogbo ìlú ń sá lọ sí etí adágún. Wọ́n fi mí sínú sauna, yàrá ooru wọn, tó gbóná tó dígírì 80, wọ́n sì fi ewé tútù nà mí lẹ́yìn pẹ̀lú ìfẹ́. Tí ìta bá kọjá dígírì 25, wọ́n á ní ooru pọ̀ jù. Òwúrọ̀ tútù ni ìyẹn jẹ́ nílé. Ẹ̀fọn wọn pọ̀ ju ti etí ọ̀sà wa lọ, àmọ́ kò ní ibà nínú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹjọ, mo tú rìdó náà kúrò láti fọ̀ ọ́, mo sì rí ìràwọ̀ kan lókè ilé aládùúgbò wa, èyí tí mo kọ́kọ́ rí láti ìgbà tí mo ti dé. Mo pe ilé. “Ẹ káalẹ́, Ìyá,” ni mo wí. Wọ́n dáhùn, wọ́n sì béèrè bóyá mo ti jẹun.