Búṣì idẹ 11 tí mo gé kúrú jù, àti ohun tí ó fà á

Búṣì idẹ 48, ìyẹn òrùka gígùn tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, ni mo gba iṣẹ́ rẹ̀, 11 nínú wọn ni mo sì gé kúrú jù kí n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá ti ra ọ̀pá idẹ rí ní Àkúrẹ́ yìí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ń ṣeré: kílò ni wọ́n fi ń tà á, idẹ sì wúwo ju irin lọ. Nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀, owó idẹ tí ó ṣòfò àti owó bẹ́ríǹgì tí mo rà láìnídìí ju èrè tí mo ń retí lórí gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dúró nídìí léètì, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè fá a. Ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa ta mí lára.

Ìyá kan tí ó ní ẹbu epo ní apá Òkìtìpupa ni ó gbé iṣẹ́ náà wá. Inú búṣì wọ̀nyí ni ọ̀pá irin (ṣáàfù) ẹ̀rọ tí ó ń gún ẹyìn sísè ti máa ń yí. Bí búṣì bá gùn jù, yóò máa fi orí gbo irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kúrú jù, ṣáàfù yóò máa sún síwá sẹ́yìn, gíríìsì yóò sì máa ṣàn jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ṣèlérí gígùn mìlímítà 40 géérégé, kí ìyàtọ̀ má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ìyá náà sọ fún mi pé, "Ẹ̀ngíníà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹyìn tó pọ̀ lóko ni kí ẹ jẹ́ kí n rí i o. Bí ẹbu bá dákẹ́, àwọn alágbàṣe á kàn jókòó tì mí ni." Mo ní kí Ìyá fọkàn balẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ kan ti tó.

Mo gé ọ̀pá idẹ sí mìlímítà 42, mo lu ihò inú rẹ̀, mo sì fá ara rẹ̀ dé ìwọ̀n. Èyí kò gba àlàyé. Ohun tí ó kù ni kí n fá orí rẹ̀ títí yóò fi di 40. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ báyìí, a kì í wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó gé e. Mo de irin pẹlẹbẹ kan mọ́ inú ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹnu ẹ̀rọ tí ó ń di iṣẹ́ mú, kí ìdí búṣì lè máa dúró síbi kan náà. Irin yẹn ni àwa ń pè ní sítọ́pà. Mo wá gbé túùlù, ìyẹn irin mímú tí ó ń fá idẹ, sí ọ̀nà mìlímítà 40 sí sítọ́pà, mo sì wọn búṣì àkọ́kọ́: 40.02. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kí ó wá wo bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìkẹta jẹ́ 39.7. Ìkẹrin jẹ́ 40.01. Nígbà tí a fi máa dé ìkẹsàn-án, mo ti rí 39.4, èyí tí ó fi ju ìdajì mìlímítà kúrú. Bí idẹ bá gùn jù, a ó tún un gé. Èyí tí ó bá ti kúrú, ó kúrú náà nìyẹn.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ooru, nítorí pé idẹ máa ń wú bí ó bá gbóná. Mo fi ìṣirò lé ìyẹn lọ kíákíá, inú mi sì dùn pé mo ṣe é. Bí idẹ tí ó gùn tó mìlímítà 40 bá fi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 50 gbóná sí i, ohun tí yóò fi gùn sí i kò pé ìdá kan nínú ogún mìlímítà. Kí ooru tó lè fa àṣìṣe ìdajì mìlímítà, búṣì náà gbọ́dọ̀ fi ju ìwọ̀n 500 lọ gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ìka lásán ni mo fi ń yọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀kì.

Níbi tí mo ti ṣìnà nìyí. Nígbà tí kì í ṣe ooru, mo pinnu pé bẹ́ríǹgì orí ẹ̀rọ ni ó ti jẹ. Léètì náà kì í ṣe tuntun, òtítọ́ ni, ó sì máa ń kùn díẹ̀ ní òwúrọ̀. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo tú orí ẹ̀rọ palẹ̀, mo fi òru kan ronú lórí bí n óo ṣe dá a padà. Mo pe ẹnì kan tí ó ń ta bẹ́ríǹgì ní Èkó, mo ka nọ́ńbà ara bẹ́ríǹgì sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní òun ní i. Mo fi owó ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni ẹrù wọ Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ akérò, èmi fúnra mi ni mo sì lọ gbà á ní garéèjì nínú oòrùn. Nígbà tí mo tú ọ̀rá rẹ̀, ọ̀kan bá a mu, ìkejì kò bá a mu: ihò inú rẹ̀ fi mìlímítà márùn-ún kéré. Mo pè é padà. Ó ní nọ́ńbà tí mo kà ni òun fi ránṣẹ́. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn mi ròkè débi pé aládùúgbò mi tí ó ń jó irin wá yọjú wò mí. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà gbà láti fi òmíràn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo san owó ọkọ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n dá èyí tí ó ṣì fi ránṣẹ́ padà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyẹn gbà, láìka àkókò tí iná kò sí tí a sì ní láti fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́. Ìyá elépo pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Ó bi mí pé báwo ni iṣẹ́, mo ní ó ń lọ dáadáa, Ìyá. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́.

Mo to orí ẹ̀rọ pọ̀ pẹ̀lú bẹ́ríǹgì tuntun. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ bí ẹni tí ó sùn. Mo fá búṣì kan: 39.6.

Mo jókòó sórí àga onígi. Ọmọ iṣẹ́ mi kò sọ̀rọ̀. Ó mú ìwé tí ó ń kọ gígùn wọn sí, ó ń kà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀gá, kò mà sí èyí tí ó gùn jù nínú wọn." Mo gba ìwé náà. Òtítọ́ ni. Bí ó bá ṣe pé bẹ́ríǹgì ni ó ń mì, àwọn kan ìbá gùn, àwọn kan ìbá kúrú. Kíkúrú nìkan ni tiwa ń kúrú. Nǹkan kan ń fà á lọ sí ìhà kan, ohun tí ó bá sì ń fa nǹkan, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n.

Mo tún fi búṣì kan sí i. Mo fi ọwọ́ òsì lé kárééjì, ìyẹn ara ẹ̀rọ tí ó gbé túùlù, mo sì rọra ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí túùlù wọlé láti etí lọ sí àárín. Ní ìdajì ọ̀nà, mo gbọ́ kìì kékeré kan, kárééjì sì sún lábẹ́ ọwọ́ mi lọ sí ìhà ṣọ́ọ̀kì láìjẹ́ pé mo tì í. Mo pa ẹ̀rọ. Lójú idẹ náà, òrùka kan tí ń dán wà níbi tí túùlù ti rì wọlé; láti ibẹ̀ dé ẹnu ihò, ojú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti etí lọ. Àmì yẹn wà lórí gbogbo èyí tí ó kúrú, mo sì ti ń wò ó láti ọjọ́ kìn-ín-ní bí ẹni tí kò lójú.

Irin ni mo pọ́n túùlù náà fún. Iṣẹ́ tí mo ṣe ṣáájú jẹ́ ti ṣáàfù irin, irin sì fẹ́ kí òkè túùlù dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn kí ó lè gé dáadáa. Idẹ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí òkè túùlù bá dà gẹ̀rẹ́, kò ní gé idẹ ní pẹ̀lẹ́ mọ́, fífà ni idẹ yóò máa fà á wọ ara rẹ̀. N kò sì de bóòtù kárééjì mọ́lẹ̀; àyè tí ó wà láàárín eyín rẹ̀ ti pọ̀ nítorí ọjọ́ orí, nítorí náà ó ráyè tẹ̀ lé túùlù. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ èyí fún mi nígbà tí mo wà ní ọmọ iṣẹ́: òkè túùlù idẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ bí pátákó. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lórí mi. Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n pàrọ̀ túùlù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fi òkúta ìpọ́n fá etí òkè túùlù náà títí ó fi tẹ́, fífẹ̀ ibi tí ó tẹ́ náà kò ju ìdajì mìlímítà lọ, mo sì de kárééjì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bóòtù rẹ̀. Èérún idẹ wá ń fò jáde wẹ́wẹ́ bíi gàrí gbígbẹ. (Ẹ fi awò bo ojú yín, èérún yẹn kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni.)

Síbẹ̀, nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọ̀kan tún kúrú, 39.85. Lọ́tẹ̀ yìí n kò tú nǹkan kan palẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ṣọ́ọ̀kì, mo sì rí èérún kan tí ó lẹ̀ mọ́ ojú sítọ́pà. Bí èérún bá wọ ìdí búṣì, búṣì á yọ síta ju bí ó ti yẹ lọ, túùlù á sì gé ju bí ó ti yẹ lọ. Láti ìgbà náà, ọmọ iṣẹ́ mi ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú ṣọ́ọ̀kì kí ó tó fi òmíràn sí i. Mo tún ní kí ó máa fi fáìlì pa etí búṣì kí ó tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé etí mímú tí túùlù fi sílẹ̀ máa ń tan kálípà tí a fi ń wọn gígùn jẹ, a ó rò pé búṣì gùn nígbà tí kò gùn. A fá gbogbo èyí tí ó kù ní ọjọ́ kan, títí kan 11 tí mo tún ra idẹ rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó kúrò láàárín 39.95 sí 40.05. Mo yangàn díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò purọ́.

Bí mo bá tún bá irú rẹ̀ pàdé, ìwé gígùn ni n óo kọ́kọ́ kà kí n tó mú sípánà. Bí gbogbo àṣìṣe bá dojú kọ ìhà kan, n óo wá ohun tí ń fa nǹkan. Bí wọ́n bá pín sí ìhà méjèèjì ni n óo tó ronú nípa bẹ́ríǹgì. Mo tún ti ya túùlù kan sọ́tọ̀ fún idẹ nìkan, mo kun ìdí rẹ̀ ní pupa, ọmọ iṣẹ́ mi sì mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ kan irin láé.

Ìyá elépo gba búṣì rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá fún un. Ó ka 48, ó san owó, ó sì ní n kò wí òtítọ́ fún òun lórí fóònù lọ́jọ́sí. Mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn 11 tí ó kúrú ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń yọ́ idẹ, ní iye tí kò tó nǹkan. Bẹ́ríǹgì tí kò bá a mu ṣì wà lórí pẹpẹ nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ ní Àkúrẹ́ lè wá bá mi nájà rẹ̀.