Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹni Tí Yóò Fi Kámẹ́rà Ṣọ́ Sáìtì Yín

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ẹ̀yìn Mọ́níyà àti apá Ìdó ni sáìtì mi pọ̀ sí, níbi tí iná mànàmáná kò tíì dé. Irin àti wáyà ni olè ń kó níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ háyà kámẹ́rà alágbèéká tó ń lo sólà, ẹ má tíì béèrè owó. Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá sí sáìtì gan-an kẹ́ ẹ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nẹ́tíwọ̀kì ni kókó, torí síìmù inú kámẹ́rà ló fi ń gbé àwòrán ránṣẹ́. Ẹ dúró síbi tí òpó kámẹ́rà yóò wà, kí ẹ fi fóònù dán MTN, Airtel àti Glo wò, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹni tó bá ní síìmù kan ṣoṣo lòun ń lò, ẹ wá ẹlòmíràn. Kí káàdì ìpamọ́ wà nínú kámẹ́rà, kí àwòrán má baà sọnù tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ.

Bátìrì ńkọ́, bí òjò bá ń rọ̀ láìdá? Mi ò gbà kó gbé kámẹ́rà fún iye tó dín ní ọjọ́ 3 láìsí oòrùn. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ kọ ẹni tí yóò máa nù ún sínú àdéhùn.

Èyí tó jẹ mí lógún jù: ta ló ń wo kámẹ́rà ní aago méjì òru, ta ni yóò sì pè? Fóònù ọdẹ yín ni kó kọ́kọ́ dún. Ẹ rán ẹnì kan wọ sáìtì lóru, pẹ̀lú ìmọ̀ ọdẹ o, kẹ́ ẹ wo bí ìpè yóò ṣe pẹ́ tó kó tó wọlé.