Dídá Ọnà Sára Ìlẹ̀kẹ̀ Ìgò Yíyọ́

Ìgò ọtí tó ń di pàǹtí lẹ́yìn ilé yín, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ní Odumase, nílẹ̀ àwọn Krobo ní Gánà, irú rẹ̀ ni wọ́n ń gún lẹ́búlẹ́bú, tí wọ́n ń dà sínú àwo amọ̀ oníhò tí a fi ẹfun pa nínú kí ó má baà lẹ̀. Wọ́n á ki igi ewé gbágùúdá sí àárín ihò kọ̀ọ̀kan. Iná ìléru á jó o, ojú okùn á sì kù síbẹ̀.

Kí ẹ tó ronú ọnà, ẹ yan ìgò. Ìgò oríṣiríṣi kì í sábà bára wọn ṣe nínú iná. Bí wọ́n bá ń tutù, ọ̀kan lè súnkì ju èkejì lọ, ìlẹ̀kẹ̀ á sì sán, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ẹ fi irú ìgò kan ṣoṣo tí kò láwọ̀ ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ po àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń kun àwo tánganran mọ́ ọn. Ẹ ra èyí tí kò ní òjé.

Aṣọ òkè ni mo fẹ́ràn jù láti wo fún ọnà. Fún ẹtù, ẹ da aláwọ̀ aró sínú ihò, ẹ da funfun díẹ̀ lé e, ẹ tún da aró: ìlà funfun á yí ìlẹ̀kẹ̀ ká. Fún ìlà òòró, ẹ fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ pín ihò, ẹ da àwọ̀ sápá ọ̀tún àti tòsì, kí ẹ rọra yọ páálí náà kúrò kí iná tó dé. Ẹ tún lè ki abẹ́rẹ́ gígùn sétí ihò kí àwọ̀ òkè wọ ti ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe ìlà tín-ín-rín jù: lẹ́búlẹ́bú máa ń wálẹ̀ bó bá yọ́, ìlà náà á sì pòórá. Ẹ kún ihò dé etí.

Ìgò tí a fọ́ wẹ́wẹ́ tí a kò gún kúnná ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Irin ni wọ́n fi ń lu ojú okùn sí irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí nígbà tó ṣì rọ̀ nínú ooru. Kí ọmọdé má sún mọ́ ọn.

Ní Ìgbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, àwọn ará Ifẹ̀ ṣe gíláàsì fúnra wọn. Fífà ni wọ́n ń fa tiwọn gùn kí wọ́n tó gé e, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọ̀ aró wọn dáadáa: àwọ̀ kan, láìsí ìlà, ó sì tó ọba í lò.

Ẹ wọ́n omi sí ìgò bí ẹ bá ń gún un, ẹ bo imú àti ojú, ẹ má sì lo odó oúnjẹ. Lẹ́yìn iná, ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo rẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá, kí ẹ tó fi iyanrìn àti omi ha á lórí òkúta.