Bí ẹ ṣe lè gbé ibi ìtàn tí orílẹ̀-èdè méjì jọ ni wọ lísìtì UNESCO

Ẹ wò ó, bó ti wù kẹ́ ẹ mọ ìtàn ibẹ̀ tó, ẹ ò lè dá kọ lẹ́tà sí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé kí wọ́n fi ibi ìtàn yín sínú lísìtì Ogún Àgbáyé. Ìjọba tó ti fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1972 lórí dídáàbò bo irú ibi bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e lọ. Tí ibẹ̀ bá wá lọ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè méjì, fáìlì kan náà ni wọ́n máa jọ kọ, wọ́n á jọ fọwọ́ sí i, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Torí náà ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ ná. Àwọn tó nilẹ̀ àti àwọn tó ń gbé àyíká ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, tọ̀tún tòsì ààlà o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiyín nìkan. Lẹ́yìn náà kí ìjọba kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ibẹ̀ sínú lísìtì àwọn ibi tó ń gbèrò láti gbé síwájú. Ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ lo ọdún kan níbẹ̀ kí fáìlì gangan tó wọlé, tí ìjọba kan bá kọ tiẹ̀ tí ìkejì gbàgbé, ẹ jókòó síbẹ̀ nìyẹn.

Ó wá kan àlàyé. Òṣùwọ̀n 10 ni wọ́n fi ń yan ibi tó máa wọlé, 6 nínú ẹ̀ ló jẹ mọ́ àṣà, ẹyọ kan tó bá bá ibẹ̀ mu ti tó. Ẹ má kàn kọ pé ó ti pẹ́, ó rẹwà, a gbọ́ jàre, gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, kí ló mú tiyín yàtọ̀ sí irú ẹ̀ níbòmíì? Ẹ má sì kó gbogbo nǹkan wọlé. Ẹ wo àwọn òkúta tí wọ́n tò yípo lẹ́bàá odò Gáḿbíà, ó lé ní 1,000 nínú ilẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 350, ibi 4 péré ni wọ́n mú, Wassu àti Kerbatch lápá Gáḿbíà, Sine Ngayène àti Wanar lápá Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì wọlé lọ́dún 2006.

Máàpù ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ìlà kan á yí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dáàbò bò ká, ìlà kejì á wà níta ẹ̀ tó máa sọ ohun tí wọn ò gbọdọ̀ kọ́ sí tòsí. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o: àfonífojì odò Elbe ní Dresden, Jámánì, wọlé lọ́dún 2004, wọ́n lọ kọ́ afárá síbẹ̀, UNESCO yọ ọ́ lọ́dún 2009. Ẹ kọ ètò àbójútó kan ṣoṣo pẹ̀lú: ta ló ń tún ibẹ̀ ṣe, ibo lowó ti ń wá, àwọn wo ló ń ṣojú ìjọba méjèèjì nípàdé.

Ọjọ́ 1 oṣù Kejì ni gbèdéke fáìlì. ICOMOS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ibi ìtàn tó ń gba UNESCO nímọ̀ràn, á rán ẹni tó mọṣẹ́ wá wo ibẹ̀, orílẹ̀-èdè 21 inú kọmítì Ogún Àgbáyé á dájọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tí ohun tí ICOMOS kọ ò bá dáa rárá, ẹ ní kí ìjọba fà á padà kí kọmítì tó jókòó, torí tí wọ́n bá fi lè kọ̀ ọ́ pátápátá, ó ṣòro gan-an kó tún padà lọ.

Tí aládùúgbò yín bá ń falẹ̀, ẹ lè dá tiyín gbé lọ ná, bí apá tiyín bá ti lè dá dúró. Koutammakou nìyẹn, ilẹ̀ àwọn Batammariba tó ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà: Tógò nìkan ló gbé e wọlé lọ́dún 2004, Bẹ̀nẹ̀ wá fi apá tiẹ̀ kún un lọ́dún 2023.