Bí mo ṣe dín ọwọ́ àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kù lórí wiki oríkì wa

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń bójú tó wiki kan tí a ń kó oríkì ìlú àti oríkì orílẹ̀ sí. MediaWiki ló ń gbé e ṣiṣẹ́, ètò kan náà tí Wikipedia ń lò. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò yìí kalẹ̀, gbogbo ayé ló lè ṣàtúnṣe lórí rẹ̀, ẹni tó ní àkáǹtì àti ẹni tí kò ní. Bí a sì ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn, torí àwọn tó mọ oríkì jinlẹ̀ kì í sábà ráyè àkáǹtì ṣíṣí.

Ojúewé Ìbàdàn ló mú mi dìde. Ẹnìkan yọ “Ìbàdàn, mesì Ọ̀gọ̀, ńlé Olúyọ̀lé” kúrò, ó wá fi èébú rọ́pò rẹ̀. A dá a padà láti inú ìtàn ojúewé, kò pẹ́, èébú tún ti dé. Àwọn tó ń polówó tẹ́tẹ́ náà ń dá ojúewé tuntun sílẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti ìlú kan tí wọ́n ti ń du oyè ọba. Apá kan á yọ orúkọ ìdílé kan kúrò nínú àwọn tó ń jọba, apá kejì á dá tiwọn padà, wọ́n á sì pa ti àwọn yòókù rẹ́. Ọmọ iléèwé tó bá ṣe kòńgẹ́ ojúewé yẹn ní wákàtí tí kò dáa, irọ́ ló máa kọ sínú ìwé rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa dábàá pé ká máa dínà mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì IP wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. N kò gbà. Lórí dátà fóònù ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè wà lórí àdírẹ́ẹ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ibi náà á sì pa dátà rẹ̀, á tún un tàn, ó lè ti bọ́ sórí òmíràn. Aláìṣẹ̀ ni irú ìdínà bẹ́ẹ̀ máa ń mú. Ẹlòmíràn ní ká kúkú ní kí gbogbo èèyàn ní àkáǹtì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wikipedia èdè Pọtogí ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ṣùgbọ́n àwọn lérò lẹ́yìn, àwa ò ní. Baba kan tí kò ní àkáǹtì ló bá wa fi àwọn ìlà tí a fò kún oríkì Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Mo pinnu pé ojúewé tí wọ́n ń bà jẹ́ nìkan la máa tì.

Inú LocalSettings.php, fáìlì tí a ń kọ ìlànà MediaWiki sí, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. MediaWiki ní ìpele kan tó ń jẹ́ autoconfirmed, ìyẹn oníṣe tí àkáǹtì rẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀ tó sì ti ṣe àtúnṣe mélòó kan. Ibi tó yẹ kí ẹ fojú sí gan-an nìyí: bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, 0 ni òǹkà méjèèjì. Ẹni tó ṣí àkáǹtì nísinsìnyí ti di ẹni àfọkàntán nísinsìnyí, ìlẹ̀kùn tí ẹ rò pé ẹ tì sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni:

$wgAutoConfirmAge = 345600;
$wgAutoConfirmCount = 10;
$wgGroupPermissions['*']['createpage'] = false;

Ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń ka ti àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin àti àtúnṣe mẹ́wàá náà ni Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ìlà kẹta kò jẹ́ kí aláìlákáǹtì dá ojúewé tuntun sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Baba wa ò ní pàdánù ohunkóhun.

Ó wá kan títi ojúewé. Alámòójútó nìkan ló ń rí bọ́tìnì ìdáàbòbò lókè ojúewé. Ìpele mẹ́ta ló wà níbẹ̀: gbogbo èèyàn, àwọn autoconfirmed, àti àwọn alámòójútó. Ọ̀tọ̀ ni ti àtúnṣe, ọ̀tọ̀ ni ti yíyí orúkọ ojúewé padà, a sì lè dá ọjọ́ tí yóò ṣí fúnra rẹ̀. Mo fi ojúewé Ìbàdàn sí ìpele àárín fún oṣù kan. Ti ìlú olóyè yẹn, àwọn alámòójútó nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún, fún oṣù mẹ́ta, mo sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a gbè sẹ́yìn apá kan. Ojúewé ọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi tí a ti ń jíròrò nípa rẹ̀, ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kó kó o wá síbẹ̀.

Fún àwọn ẹ̀rọ tó ń polówó tẹ́tẹ́, mo tan ConfirmEdit, àfikún kan fún MediaWiki, pẹ̀lú QuestyCaptcha, tó máa ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí àkáǹtì tàbí tó fẹ́ lẹ líǹkì tuntun mọ́ ojúewé. Mo béèrè ìlú tí Odùduwà tẹ̀dó sí. Ọ̀pọ̀ fóònù ni kò ní àmì ohùn, nítorí náà mo to ìdáhùn pọ̀: “Ilé-Ifẹ̀”, “ile-ife”, “ile ife”, “ifẹ̀”, “ife”. Tó bá jẹ́ pé èyí tó lámì nìkan ni mo kọ, ọmọ Ifẹ̀ gan-an lè kùnà nínú ìdánwò náà.

Níkẹyìn mo yá fóònù àbúrò mi, láìwọlé sí àkáǹtì kankan. Ojúewé Ìbàdàn kò fún mi ní àyè àtúnṣe mọ́, kìkì pé mo lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo lọ sí ti Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, mo fi àmì ohùn kan sí ibi tó yẹ, mo tẹ ìpamọ́, ó sì gbà.