Bí Ẹ Ṣe Lè Ta Igbá Fínfín Lórí Ọjà Íntánẹ́ẹ̀tì Ńlá Kí Ọjà Náà Má Di Ọ̀gá Lórí Yín

Ní ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, bí oníbàárà bá ní igbá tí òun rà ti sán, ẹni tó tà á fún un wà níbẹ̀, ìyálọ́jà náà kò sì jìnnà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ á ti parí. Lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹni tó ni ilé ọjà ló ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Òun ló ń pinnu ọjà ẹni tí ojú máa kọ́kọ́ rí. Òun náà ló ń dájọ́ nígbà tí ìjà bá dé, ìgbà mìíràn sì wà tí òun fúnra rẹ̀ tún ń ta irú ohun tí ẹ ń tà. Agbára yìí pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan. Síbẹ̀, oníbàárà tó ń gbé Àbújá kò ní wọkọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ nítorí igbá kan. Ẹ tà níbẹ̀, àmọ́ ẹ ṣe é báyìí.

Owó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò

Ẹ mú igbá kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí ó sì jìn tó 15. Ká ní owó igbá, owó ẹni tó fín in àti owó ọkọ̀ jẹ́ 6,000 náírà. Páálí, fóòmù àti sẹ́lótéèpù jẹ́ 700. Èrè tí ẹ fẹ́ jẹ jẹ́ 3,000. Igbá máa ń fọ́ lójú ọ̀nà. Bí ẹyọ kan bá ń fọ́ nínú méjìlá, ẹ pín 6,700 sí ọ̀nà méjìlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 560, ẹ fi kún un. Gbogbo rẹ̀ di 10,260 náírà.

Ká tún ní ọjà náà ń yọ ìdá 15 nínú 100. Iye tó jẹ́ gan-an wà nínú ìwé àdéhùn yín, ó sì máa ń yàtọ̀ láti orí irú ọjà kan sí òmíràn. VAT (owó orí tí ìjọba ń gbà lórí títà àti rírà) ìdá 7.5 á gorí ohun tí wọ́n yọ yẹn, àpapọ̀ á wá jẹ́ 16.125. Ibí ni ọ̀pọ̀ òǹtajà ti ń kó sí gbèsè: wọ́n á fi ìdá 16.125 kún 10,260, wọ́n á gbé igbá náà jáde ní 11,914. Orí iye tí oníbàárà san ni ọjà ti ń yọ tirẹ̀, kì í ṣe orí iye tí ẹ ná. Á yọ 1,921, á ku 9,993. Náírà 267 ti dànù lórí igbá kan, ó sì lé ní 10,600 lórí ogójì igbá. Ẹ yọ 16.125 kúrò nínú 100, á ku 83.875, ẹ wá fi 0.83875 pín 10,260. Ohun tó máa jáde ni 12,233. Ẹ pè é ní 12,250.

Ẹ̀dínwó ńkọ́? Bí ọjà náà bá ní kí ẹ wá dara pọ̀ mọ́ ẹ̀dínwó ọdún, ẹ béèrè ẹni tó máa ru ẹrù rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ìdá 10 péré tí wọ́n gé kúrò lórí 12,250 á sọ ọ́ di 11,025. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ tiwọn, 9,247 ló máa kù. Ẹ yọ 7,260 tí ẹ ná (6,700 àti 560 ti igbá tó ń fọ́), èrè yín di 1,987. Ìdá 10 lójú oníbàárà ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta èrè yín. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí á máa yọ̀ pé ọjà ń yá.

Ìwé àdéhùn

Ẹ má tẹ “mo gbà” kí ẹ tó wá nǹkan mélòó kan rí nínú rẹ̀: ta ló ń san owó ọkọ̀ ọjà tí wọ́n dá padà? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi sọ fún yín kí wọ́n tó yí àdéhùn padà? Ṣé wọ́n ní ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á ní owó tó kéré sí ti ọ̀dọ̀ wọn níbòmíràn? Kí ló lè mú wọn ti àkáǹtì yín pa, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí owó yín tó wà lọ́wọ́ wọn? Ọjọ́ tí wọ́n ń san owó ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ń ta igbá mẹ́wàá lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 134,000 náírà ojú owó yín (igbá ogún, 6,700 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan) ni yóò máa wà lọ́wọ́ wọn nígbà gbogbo.

Irú àdéhùn báyìí ti dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí òfin ti múná. Ní oṣù Keje ọdún 2019, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ní Jámánì mú kí Amazon, ọjà íntánẹ́ẹ̀tì ńlá ti Amẹ́ríkà, tún àdéhùn rẹ̀ ṣe: bí ó bá fẹ́ já òǹtajà sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti sọ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Amazon ṣèlérí fún àjọ ilẹ̀ Yúróòpù pé òun kò ní fi àkọsílẹ̀ títà àwọn òǹtajà, èyí tí kò hàn sí gbogbo ayé, bá wọn díje mọ́. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìlérí yẹn: ẹni tó ni ọjà lè rí ohun tó ń tà lọ́wọ́ yín, kí òun náà sì lọ ṣe é. Nílé wa níbí, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ló gbé FCCPC kalẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìdíje àti ààbò oníbàárà. Òfin náà kò ka títóbi sí ẹ̀ṣẹ̀. Lílo títóbi láti fi ni ẹlòmíràn lára ló kà sí i. Àjọ yìí ló bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, ní oṣù Keje ọdún 2024.

Dídì igbá

Ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Bí igbá bá ṣì tutù nígbà tí ẹ dì í sínú ọ̀rá, yóò bu kó tó dé Ìbàdàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Àbújá. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún ọjọ́ méjì. Ẹ má sá a sóòrùn, torí oòrùn ló ń mú un sán. Ẹ rún ìwé ìròyìn, ẹ kì í sínú igbá títí yóò fi kún dé ẹnu, ẹ fi fóòmù wé e, kí ẹ tó gbé e sínú páálí tí àyè sẹ̀ǹtímítà 5 ṣẹ́ kù sí ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé páálí náà mì. Bí ẹ bá gbọ́ ohunkóhun, ẹ tú u, kí ẹ fi ìwé kún un. Ẹ ya fídíò láti ìgbà tí igbá ti wà níhòòhò títí dé orí sẹ́lótéèpù, kí nọ́ńbà tí wọ́n fún ohun tí oníbàárà rà hàn kedere. Bí oníbàárà bá ní ó fọ́ kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, fídíò yìí nìkan ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìwọ̀n nìkan. Igbá yìí lè má tó kílò kan, àmọ́ páálí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40 sí 25. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ẹrù máa ń fi bí páálí ṣe tóbi tó ṣírò owó, báyìí: 40 lọ́nà 40 lọ́nà 25 jẹ́ 40,000, wọ́n á fi 5,000 pín in, á di kílò 8. Kílò 8 ni wọ́n máa gba owó rẹ̀. Bí ẹ bá ń ta igbá mẹ́ta tó tóbi ju ara wọn lọ, ẹ ki ọ̀kan bọ inú èkejì, kí fóòmù wà láàárín wọn, páálí kan náà á gbà á.

Bí wọ́n bá ti àkáǹtì yín pa

Ní gbogbo Sátidé, ẹ máa gba àkọsílẹ̀ títà yín sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, torí bí wọ́n bá ti àkáǹtì náà, ẹ kò ní rí i mọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú fóònù: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, owó tó kù, àwọn ọjà tó wà lójú ọ̀nà. Kíkọ ni kí ẹ kọ̀wé, ẹ má gbára lé ìpè. Ẹ bi wọ́n léèrè apá àdéhùn tí ẹ rú, nọ́ńbà ọjà tó fa á, àti ọjọ́ tí wọ́n máa san owó yín. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ tún kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá FCCPC. Ẹ má sáré ṣí àkáǹtì mìíràn lórúkọ àbúrò yín. Nọ́ńbà fóònù, àkáǹtì báǹkì àti fóònù tí ẹ fi wọlé á tú yín fó, wọ́n á ti méjèèjì pa.

Oníbàárà tiyín

Ọ̀pọ̀ àdéhùn kò gba kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù sínú páálí, ẹ má sì rú u. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ní àmì. Ẹ fín orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sí ìdí igbá, lẹ́tà kéékèèké, kí orúkọ náà sì jẹ́ ọ̀kan náà lórí WhatsApp Business àti Instagram. Ẹni tó fẹ́ràn igbá náà á wá yín kàn fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́, ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bá òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 mu nìyẹn.

Nígbà tí iná jó Àkẹ̀sán ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà ní ibòmíràn pẹ̀lú ló rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Àkáǹtì tí wọ́n tì pa jọ iná náà. Ní ìparí oṣù, ẹ fi gbogbo owó tó wọlé pín iye tó wá láti ọjà íntánẹ́ẹ̀tì náà. Bí ó bá kọjá ìdajì, ẹ má gbé igbá tuntun lọ síbẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ fi han àwọn tó wà lórí WhatsApp yín àti àwọn tó ń ra ẹ̀bùn ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ní 10,260 náírà, láìsí ìdá kankan tí ẹnikẹ́ni máa yọ. Bí àdéhùn ọjà náà bá kà á léèwọ̀ kí ẹ tà á ní owó tó kéré sí tiwọn, ẹ fín igbá tí ọnà rẹ̀ yàtọ̀ fún àwọn tiyín.