Bí ẹ ṣe máa tọ́jú mẹ́dàlì, lẹ́tà àti fọ́tò bàbá yín tó ṣe sójà kí wọ́n má bàa bàjẹ́

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá tó bí bàbá yín ṣe sójà, pàápàá àwa tí wọ́n bí sí báríkì ní Kaduna, Zaria, Jos, Kano, mo mọ̀ pé àpótí páànù kan wà nílé yín, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí lára, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí wọ́dúróòbù, mẹ́dàlì wà nínú ẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀, fọ́tò, bẹ́líìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ tí mo máa mú lọ sí ilẹ̀ Ireland, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí.

Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, 1914 sí 1918, àwọn ọmọ Ireland tó ṣe sójà fún Gẹ̀ẹ́sì ju 200,000 lọ. Àmọ́ kí ogun tó parí, ìlú wọn fúnra ẹ̀ ti fẹ́ gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n délé, ta ló fẹ́ gbé mẹ́dàlì ọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àyà jáde? Ọ̀pọ̀ wọn jù ú sínú dúrọ́ọ̀, wọn ò sọ ìtàn ẹ̀ fọ́mọ, wọ́n sì kú. Ẹ wá wò ó, irú ẹrù yẹn náà ló wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Collins Barracks, Dublin lónìí, ibi tó jẹ́ báríkì gidi kí wọ́n tó sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù. Ohun kékeré ló pọ̀ jù nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin wo àpótí idẹ kékeré tí wọ́n pín fún àwọn sójà ní Kérésìmesì 1914 lórúkọ Mary ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, orí ọmọbìnrin náà wà lórí ìdérí ẹ̀, sìgá àti tábà ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n fa tábà tán, àpótí ò ṣeé jù nù, inú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kó lẹ́tà àti fọ́tò ìyàwó sí.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì rèé. Ní September 1940 àwọn Jámánì ju bọ́ǹbù sí London, ó balẹ̀ sórí ilé tí wọ́n kó fáìlì àwọn sójà ogun àkọ́kọ́ sí, ohun tó jóná lé ní ìdajì. Ọ̀pọ̀ sójà ló jẹ́ pé ohun tó wà nílé ẹbí wọn wà lára ìwọ̀nba ohun tó kù tó lè sọ ìtàn wọn. Tiwa ńkọ́, ṣé ẹ gbà pé gbogbo fáìlì bàbá yín ló ṣì wà ní ọ́fíìsì kan?

Ẹ má tíì nu nǹkan kan o. Ìtàn lẹ máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Mẹ́dàlì ogun àkọ́kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì pín, wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà sójà sí etí ẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ẹ̀, ìyẹn ni mùsíọ́ọ̀mù fi lè mọ oní nǹkan. Àmọ́ èyí tí wọ́n pín lẹ́yìn ogun Hítílà, bíi Burma Star, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà tí wọ́n fún àwọn tó jà ní Burma, wọn ò kọ orúkọ kankan sí i, tí ti bàbá yín bá dà pọ̀ mọ́ ti àbúrò wọn, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ láéláé. Nítorí náà ẹ lọ bá Màmá, ẹ lọ bá bàbá àgbà tó kù nínú ẹbí, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ẹ wá gbé nǹkan yẹn lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó bi wọ́n ní ohunkóhun, torí ẹni tó bá rí nǹkan náà lọ́wọ́ ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń yọ. Ẹ bi wọ́n pé, “Bàbá, ibo ni wọ́n ti ya fọ́tò yìí? Ta ló dúró lápá òsì yẹn?” Ẹ tan rẹ́kọ́dà fóònù, tí wọ́n bá ń da Hausa pọ̀ mọ́ ọn ẹ má dá wọn dúró, èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ní báríkì nìyẹn. Ẹ bèèrè orúkọ ibi tí wọ́n ti jà. Dalet àti Kalapanzin ní Kaduna, Chindit ní Zaria, ogun Burma ni wọ́n ti mú orúkọ báríkì wọ̀nyẹn wá, a sì ti ń pè é láti kékeré. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n dé Congo ní ọdún 1960 síwájú, torí àwọn sójà wa àti ti Ireland jọ wà níbẹ̀ lábẹ́ UN, tàbí Liberia ní 1990.

Lẹ́yìn náà ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, etí, nítòsí fèrèsé, ẹ má lo flash, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sórí bébà tí ẹ máa fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fi báírò kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ fi pamọ́ sí Google Drive kí ẹ sì fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín, WhatsApp nìkan ò tó torí ó máa ń sọ fọ́tò di kékeré.

Ó kan ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Brasso! Ẹ gbé e sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi í nu idẹ lẹ ń họ díẹ̀ kúrò lára ẹ̀, títí orí ọba fi máa tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́tà kékeré etí ẹ̀ á sì parẹ́. Pípọ́n tí mẹ́dàlì pọ́n yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ọjọ́ orí ẹ̀ ni. Bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ti tó fún eruku. Ríbọ́ọ̀nù, ẹ má fọ̀ ọ́, aró ẹ̀ máa ṣí. Ẹ fọ ọwọ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí òógùn níyọ̀.

Ní ti lẹ́tà, ẹ má sáré ṣí i, ibi tó ti ká ló ti máa ya. Sẹ́lótéèpù, rárá. Laminéètì, rárá, iná ni wọ́n fi ń ṣe é, tí wọ́n bá ti ṣe é kò ṣeé yọ mọ́. Pín-ìnì tó ti dípẹtà, ẹ fara balẹ̀ yọ ọ́. Ẹ kó lẹ́tà sí ẹ́ńfílọ́ọ̀pù bébà, ẹ kó fọ́tò sí tiẹ̀, ẹ fi aṣọ òwú funfun tí wọ́n ti fọ̀, tí kò ní sítáàṣì, wé mẹ́dàlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí lókè Ọya níbí gba ọgbọ́n. Tí ọyẹ́ bá dé, bébà á gbẹ kéréú, bẹ́líìtì awọ á máa sán, tí òjò bá wá dé, ọ̀rinrin á wọlé. Ẹ má gbé e sókè àjà lábẹ́ páànù tó ń gbóná, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí ikán. Inú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, lórí búlọ́ọ̀kù, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Káńfọ̀ tí a máa ń dà sínú gbogbo àpótí yẹn, ẹ má jẹ́ kó kan fọ́tò tàbí ohunkóhun tó jẹ́ rọ́bà. Kí ẹ máa ṣí i wò ló dáa jù, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, ẹ wo eku, ẹ wo aáyán. Tí ẹ bá fẹ́ gbé fọ́tò bàbá kọ́ sí pálọ̀, ẹ ya ẹ̀dà ẹ̀, ẹ̀dà ni kí ẹ gbé kọ́.

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, tí ẹ bá rí ọta ìbọn tí wọn ò tíì yìn tàbí nǹkan tó jọ bọ́ǹbù nínú àpótí, ẹ má mì í, ẹ má gbé e sọ́kọ̀. Àwọn sójà máa ń fi igbá ọta tó ti ṣófo ṣe ìkòkò òdòdó, àmọ́ ẹ̀yin ò lè mọ èyí tó ṣófo. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe ọlọ́pàá tàbí báríkì tó súnmọ́ yín kí wọ́n wá wò ó.

Tí ẹbí bá fẹ́ fún mùsíọ́ọ̀mù, bíi mùsíọ́ọ̀mù ogun tó wà ní Umuahia láti 1985, kò burú. Àmọ́ ní 2012 ilé ìkàwé ìjọba ní Dublin pe ará ìlú kí wọ́n kó ẹrù ogun ilé wọn wá, wọ́n ya á sínú kọ̀ǹpútà, oníkálùkù sì gbé tiẹ̀ padà sílé, ẹ lè bèèrè irú ìyẹn náà. Tí ẹ bá sì máa fi sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ bàbá jọ fẹnu kò, ẹ gba ìwé tó sọ bóyá ẹ fún wọn pátápátá ni àbí ẹ yá wọn, kí nọ́ńbà tí ẹ kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé yẹn, ẹ sì fi ẹ̀dà ìtàn tí ẹ gbà sílẹ̀ tẹ̀ lé ẹrù náà lọ.